Opó Tó Tún Ilé Shiva Kọ́ ní Varanasi

Ìlú Varanasi ní Íńdíà, tí àwọn onílùú tún ń pè ní Banaras tàbí Kashi, gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta tí àlejò ń fojú rí létí odò Ganga kò gbó tó bí ọ̀pọ̀ ti rò. Àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ wọnú omi, tí wọ́n ń pè ní ghat, lé ní 80, àwọn ọba àti ìjòyè Maratha ló sì kọ́ púpọ̀ nínú wọn láàárín ọdún 1700 sí 1800. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ ta yọ lójú mi: Ahilyabai Holkar.

Ọdún 1669 ni ọ̀rọ̀ tẹ́ḿpìlì tó tún kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Aurangzeb, ọba Mughal, pàṣẹ kí wọ́n wó tẹ́ḿpìlì Vishwanath, ojúbọ òrìṣà Shiva tó lókìkí jù níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ mọ́sálásí Gyanvapi sórí ilẹ̀ rẹ̀. Apá kan ògiri àtijọ́ ṣì hàn lẹ́yìn mọ́sálásí náà títí dòní. Ní 1742, Malhar Rao Holkar, ọ̀gágun Maratha, gbèrò láti wó mọ́sálásí ọ̀hún kó lè dá tẹ́ḿpìlì padà síbẹ̀. Kò rí i ṣe.

Malhar Rao yìí ni baba ọkọ Ahilyabai. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú sójú ogun ní 1754, wọ́n ní ó fẹ́ bá òkú ọkọ rẹ̀ wọ iná gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn kan láyé ọjọ́un, baba ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ tó fi yí ọkàn padà. Bàbá náà kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tó yá, bàbá kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ahilyabai bí náà sì kú, ló bá gba àkóso ní 1767. Maheshwar létí odò Narmada ló ti ń ṣèlú títí tó fi wàjà ní 1795.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí mọ́sálásí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ tẹ́ḿpìlì tuntun sí, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1780, ọdún 111 lẹ́yìn tí wọ́n wó ti àkọ́kọ́. Ọgbọ́n yìí ni mo fi ń yìn ín. Inú dúkìá ìdílé rẹ̀ ló ti ń náwó sírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe inú owó orí. Láàárín ọdún 1830 sí 1839, Ranjit Singh, ọba Punjab, fi wúrà ta tẹ́ḿpìlì náà lọ́rẹ, wọ́n fi bo ṣóńṣó orí rẹ̀. Ẹlẹ́sìn Sikh ni Ranjit Singh, kì í ṣe Híńdù.

Ahilyabai tún Manikarnika ṣe pẹ̀lú, ibi tí wọ́n ti ń sun òkú tọ̀sán-tòru. Àwọn Híńdù gbà pé ẹni tó bá kú sí Kashi kò ní tún ayé wá mọ́, pé Shiva fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìdáǹdè sí i létí. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí fi ń gbé arúgbó wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ìdílé Dom ló ń tọ́jú iná ibẹ̀, ọwọ́ wọn sì ni ọmọ olóògbé ti ń gba iná tí yóò fi sun òbí rẹ̀. Tí òjò bá pọ̀, Ganga á kún, á bo àtẹ̀gùn mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé òkú lọ sun lórí òrùlé. Nítorí ìkún omi yìí ni wọ́n ṣe kọ́ àtẹ̀gùn náà ga tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2021, Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, ṣí ọ̀nà gbòòrò kan láti odò dé tẹ́ḿpìlì. Ilé tó ju 300 lọ ni wọ́n rà tí wọ́n wó. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tóóró ni olùjọ́sìn ń fún ara rẹ̀ gbà, pẹ̀lú omi Ganga tó fẹ́ dà sórí òkúta tó dúró fún Shiva. Ó rọrùn fún àwọn arúgbó báyìí, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n àánú adúgbò tó lọ náà ń ṣe mí. Wọ́n gbé ère Ahilyabai sínú ọgbà tuntun náà.

Ẹjọ́ tí àwọn Híńdù àti Mùsùlùmí ń bá ara wọn ṣe lórí ilẹ̀ Gyanvapi kò tíì tán. Ní oṣù Kìíní 2024, kóòtù gbà kí àwọn Híńdù máa jọ́sìn nínú yàrá ìsàlẹ̀ kan ní mọ́sálásí náà. Àwọn ọlọ́pàá ń ṣọ́ ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọ tẹ́ḿpìlì á sì fi bàtà àti fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lóde.