Ẹ̀tù Tí Àṣìṣe Kò Lè Sá Pamọ́ Sí

Àádọ́ta ìkarahun idẹ ló tò sínú pátákó oníhò lórí tábìlì, nínú gáréèjì ilé kan ní Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tó gùn ju oríkèé ìka kan lọ nínú wọn. Ẹni tó ni tábìlì náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ orí ba, ó ń yọjú wo inú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó ń wá èyí tí ẹ̀tù inú rẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sì ń wá èyí tó ṣófo. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yọ́ kọjá lábẹ́ ojú rẹ̀, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá yìn ín.

Àtúnkì ọta ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di katiríìjì: ìkarahun idẹ, ẹ̀tù inú rẹ̀, orí ọta tó ń fò jáde, àti práímà, ìyẹn abala kékeré ìdí rẹ̀ tí ìbọn máa ń gún kí iná tó ràn. Bí ìbọn bá ti dún, mẹ́ta nínú wọn ti lò tán, ṣùgbọ́n ìkarahun ṣì wúlò. Àwọn tó ń fi ìbọn dárayá máa ń ṣa ìkarahun wọn jọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un kì. Ó ń dín owó kù fún ẹni tó ń yìnbọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì tún ṣe àwọn kan lóore ní 2020 àti 2021 nígbà tí ọta gbẹ lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ fàyè gbà á fún ẹni tó ń kì í fún ìlò ara rẹ̀. Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀: òfin ìbọn wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọta nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò.

Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ bi ni pé: ẹ̀tù wo ni kí n rà?

Ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò ẹ̀tù. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun Kírìjì lórúkọ, ọdẹ wa sì ń ki ìbọn ṣakabùlà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú, aláwọ̀ èédú, tó ń rú èéfín bolẹ̀, nìyẹn. Èyí tó wà nínú ọta òde òní jẹ́ ọmọ bàbá mìíràn. Ní 1884 ni Paul Vieille, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, ṣe ẹ̀tù tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rú èéfín, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi ẹ̀tù ìgbàlódé yìí rọ́pò ẹ̀tù dúdú nínú ìbọn àtijọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ìbọn náà.

Ìwà rẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Bí a bá da díẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba tí a ṣáná sí i, yóò kàn jó fòò bí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ni. Bí a bá há a mọ́ inú ìkarahun, ọ̀rọ̀ yí padà. Gáàsì rẹ̀ kò rí ibi lọ, ó ń ti ara rẹ̀, bó sì ṣe ń tì sí i ni ẹ̀tù náà ń yára jó sí i. Ìdí nìyí tí ìlọ́po méjì ẹ̀tù kì í fi í mú ìlọ́po méjì agbára wá lásán. Ohun tó ń mú wá lè kọjá ohun tí irin ìbọn lè gbà mọ́ra.

Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe oríṣiríṣi, láti orí èyí tó ń tètè jó dé èyí tó ń fara balẹ̀ jó. Ìbọn ìléwọ́ kò ní ọ̀pá gígùn, nítorí náà èyí tó ń tètè jó ló bá a mu jù. Bullseye, tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lórí àtẹ, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Titegroup náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú katiríìjì kan, ike kan á sì pẹ́ kó tó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun á rí èyí, inú rẹ̀ á dùn pé òun ti rí ọjà olówó pọ́ọ́kú.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ jẹ́ ká wo ọta .38 Special. Ìgbà ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ti ṣe ìkarahun rẹ̀, ẹ̀tù dúdú sì ń fẹ́ àyè púpọ̀, wọ́n wá ṣe é ní gígùn. Nígbà tí ẹ̀tù ìgbàlódé dé, ìkarahun kò kúrú, ẹ̀tù ló kéré. Ìwọ̀n Bullseye tí wọ́n ń lò fún ọta ìdárayá nínú rẹ̀ wulẹ̀ bo ìsàlẹ̀ ni. Bí ọkàn bá ṣí kúrò níbi iṣẹ́ díẹ̀, bóyá fóònù dún, bóyá ọmọ pe bàbá rẹ̀, tí ọwọ́ sì tún bu ẹ̀tù sí ìkarahun kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ìkarahun kò ní tó ìdajì síbẹ̀. Orí ọta á jókòó dáadáa. Katiríìjì náà á dán, á jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, á sì wọ inú páálí pẹ̀lú wọn.

Nítorí èyí, ẹ̀tù tó fẹ́lẹ́, tó ń gba àyè, ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Unique jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Nínú ìkarahun 9mm tó kúrú, ìwọ̀n rẹ̀ kan á kún ibi púpọ̀. Bí a bá bu ìkejì sí i, á dà sílẹ̀ lórí tábìlì. Àṣìṣe ti kígbe orúkọ ara rẹ̀ nìyẹn. Nínú .38 kò ní dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n á ga débi tí ojú á fi tètè rí i. Unique ní àléébù tirẹ̀: pẹlẹbẹ ni hóró rẹ̀, kì í sì í ṣàn geere nínú ẹ̀rọ tó ń bu ẹ̀tù, ó lè bu èyí kó pọ̀ díẹ̀, kó bu ìyẹn kó dín. Ẹni tó ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kò ní wàhálà pẹ̀lú èyí, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò sì gbọ́dọ̀ kánjú ju òṣùwọ̀n lọ. HP-38 tí hóró rẹ̀ kéré ń ṣàn dáadáa, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kún ìkarahun bíi Unique.

Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Gréènì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀ ni gíráàmù kan. Ìwọ̀n tó kéré báyìí kò ṣeé fojú dá, kò sì ṣeé gbà lẹ́nu ọ̀rẹ́. Inú ìwé ni wọ́n ti ń mú un. Lyman, Hornady àti Speer ní ìwé tiwọn, Hodgdon náà sì ń fi tirẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tù tí kò bá sí nínú ìwé fún ọta àti orí ọta tó wà lọ́wọ́ èèyàn, kó má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwé máa ń kọ ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá; láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì jù fún 9mm. Ìlànà SAAMI, àjọ tó ń ṣòfin ìwọ̀n fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọta ní Amẹ́ríkà láti 1926, fi 35,000 pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin ṣe òpin agbára gáàsì nínú 9mm. 17,000 ni ti .38 Special. Àyè inú 9mm tún kéré, tó fi jẹ́ pé bí orí ọta bá rì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, agbára gáàsì á gòkè, bí ẹ̀tù rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Ìkarahun tó ṣófo kò dára ju èyí tó kún jù lọ. Práímà nìkan lè ti orí ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, kó há síbẹ̀. Ìró rẹ̀ á rẹlẹ̀, á dún pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn tú ìdérí ìgò. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, kó tú ọta inú ìbọn kúrò, kó wo inú ọ̀pá. Ọta kejì ni í fọ́ ìbọn.

Inú ike tí ilé-iṣẹ́ fi tà á ni ẹ̀tù gbọ́dọ̀ máa gbé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ike náà kí ó má le jù, kí ó lè tètè là bí iná bá ràn, kí gáàsì má bàa há sínú rẹ̀. Àpótí irin tí a dè pinpin ló ń sọ iná lásán di bọ́ǹbù. Ìlànà ìdènà iná tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé fàyè gba ogún pọ́n-ùn nílé nínú irú ike bẹ́ẹ̀. Ike kan ṣoṣo ló sì ń wà lórí tábìlì bí iṣẹ́ bá ń lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ á padà sínú ike náà lójú ẹsẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí orúkọ rẹ̀ tó di ohun tí èèyàn ń gbìyànjú láti rántí lọ́jọ́ kejì.