Ìwé Ìbéèrè Nípa Ìwà Akẹ́kọ̀ọ́: Kí Ni Ó Lè Sọ, Kí Ni Kò Lè Sọ?

Ní Sabon Gari, Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti tẹ̀dó láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ lè sọ Yorùbá nílé, kí ó sọ Hausa ládùúgbò, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́. Bí olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ bá gbé ìwé ìbéèrè lé e lọ́wọ́ pé kí ó sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́.

Oríṣi méjì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èkíní ń wádìí ìwà: ṣé ọmọ náà fẹ́ràn àwùjọ ni, àbí ó fẹ́ràn láti dá wà? Èkejì ń wádìí ojú tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀: ṣé ó gbà pé òun já mọ́ nǹkan láàárín ẹgbẹ́? Kò sí yíyege tàbí kíkùnà níbẹ̀. Ẹni tí olùdámọ̀ràn ń wá ni ọmọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, pàápàá ọmọ tí kì í dá wàhálà kankan sílẹ̀ ní kíláàsì.

Ọdún 1959 ni a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Nígbà tí ó di 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n C. G. M. Bakare ti Fásitì Ìbàdàn ti gbé ìwé ìbéèrè jáde fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, lórí iṣẹ́ tí ó wù wọ́n àti ìṣòro wọn. Ní Zaria fúnra rẹ̀, Fásitì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ń kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń lò ṣì wá láti òkè òkun. Ọ̀kan nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Morris Rosenberg, ará Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1965. Gbólóhùn mẹ́wàá péré ni: márùn-ún yin ara ẹni, márùn-ún bu ara ẹni kù, ọmọ yóò sì sọ bí òun ti fara mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí pé ohun tí ènìyàn lè fi yangàn kò pọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìtumọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Hausa, mọ̀ pé kò dára kí ènìyàn máa yangàn. Yóò yára gbà pé òun kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, máàkì rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó dáhùn, kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí a bá fi “ohun tí ó lè mú orí mi wú” rọ́pò “yangàn”, ọmọ kan náà lè yí ìdáhùn padà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2005, lórí ènìyàn tí ó lé ní 16,000 ní orílẹ̀-èdè 53, fi hàn pé àwọn gbólóhùn tí ó bu ara ẹni kù kò yé àwọn ènìyàn bákan náà níbi gbogbo.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùdámọ̀ràn pe ọmọ jókòó lẹ́yìn tí ó bá kọ ọ́ tán, kí ó béèrè bí gbólóhùn tí ó ta kókó ṣe yé e, kí ó sì wádìí bóyá ebi, ọ̀fọ̀ tàbí ìjà ilé ni ó bá a wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Kò tọ́ kí máàkì yìí di ohun tí àwọn olùkọ́ ń fi pe ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin òbí náà lè béèrè ìwé tí wọ́n lò àti èdè tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀.

Máàkì tí ó wálẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ bí ọmọ kò bá jẹun tàbí sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ní agbègbè Zaria, Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Fásitì Ahmadu Bello ní Shika ní àwọn dókítà tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Bí ó bá sì ń sọ pé ikú sàn fún òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ má dúró de ìwé ìbéèrè kankan.