Ẹ Má Ṣe Fi Akísà Tútù Gbé Ìkòkò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ariwo sọ nínú ilé ìdáná wa. Ìyá àwọn ọmọ wa fẹ́ sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀. Ó fa akísà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nu àwo, ó fi di etí ìkòkò mú. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ méjì, iná ti jó o lọ́wọ́, ìkòkò sì bọ́. Ọpẹ́ ni pé ọmọ kékeré tí ń rákòrò kò sí nítòsí. Akísà kan náà ni ó ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ láìfarapa. Kí ni ó wá yàtọ̀ lọ́jọ́ náà?

Omi ni. Ooru a máa rìn, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò dọ́gba nínú ohun gbogbo. Irin àti bàbà jẹ́ ọ̀nà títẹ́jú fún un. Bàbà tilẹ̀ ń gbé e kọjá tó ìlọ́po 5 ti irin. Igi àti òwú dà bí igbó dídí níwájú rẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tí ń ro àmàlà ṣe lè di igi orógùn mú títí yóò fi jinná, ṣùgbọ́n tí síbí irin tí a gbàgbé sínú ìkòkò ń jó ni lọ́wọ́.

Nínú aṣọ, afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín òwú ni aláàbò gan-an, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò rìn a máa dínà fún ooru ju igi lọ. Bí aṣọ bá rin, omi a lé afẹ́fẹ́ yìí jáde, a sì gba ipò rẹ̀. Omi sì ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po tí ó lé ní 20 ju ti afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun kan tún wà tí ó ju afẹ́fẹ́ lọ: òfìfo. Ní 1892 ni James Dewar, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe ìgò olódi méjì ní London, ó sì fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, kí ooru má baà rí afárá gbà kọjá. Láti ibẹ̀ ni fúláàsìkì tí a fi ń gbé tíì lọ sí ọjà ti wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ ya akísà gbígbẹ kan sọ́tọ̀ fún ìkòkò nìkan. Bí iná bá sì jó ènìyàn, ẹ má ṣe fi epo pa á. Omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Omi tí ó gbé ooru wọlé náà ni yóò gbé e jáde.