Ta Ló Ń Fọwọ́ Sí Àláàmù Iná ní Ìkẹjà àti Agége?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Agége, tó sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ àláàmù iná, kò ní rí ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yẹn já lé léjìká. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, àláàmù ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀: wọ́n á yẹ pláànù rẹ̀ wò, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì wá gbọ́ bó ṣe ń dún kí ẹnikẹ́ni tó kó wọlé. L'Ékòó, inú ìwé mẹ́ta mẹ́rin tí àjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń fúnni ni ọ̀rọ̀ àláàmù fọ́n ká sí. Ìyẹn ló mú kó rọrùn fún un láti bọ́ sáàárín wọn, kí oníkálùkù sì rò pé ẹlòmíì ti bójú tó o.

LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó kan, ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé. LASBCA, àjọ mìíràn ti ìpínlẹ̀ náà, ló ń ṣọ́ ilé náà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ títí yóò fi parí. Òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 2010, tí wọ́n tún ṣe ní 2019, ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Panápaná ìpínlẹ̀ Èkó, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Aláùsá, ló ń yẹ ètò ààbò iná wò, àwọn náà ló sì ń fúnni níwèé ẹ̀rí ààbò iná tí ẹ ó máa sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba àpapọ̀ ní kí fáktírì forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin Factories Act.

Pláànù tí ẹ máa gbé lọ sí LASPPPA kì í ṣe ti ayàwòrán ilé nìkan. Ti injiníà tó ṣírò òpó àti dẹ́kìn wà níbẹ̀, ti omi wà, ti iná mànàmáná wà, ẹni tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì lu òǹtẹ̀ rẹ̀ lé e. Inú pláànù iná mànàmáná ni àláàmù máa ń wà. Ọ̀nà àsálà wà nínú ti ayàwòrán ilé. Bí àwọn méjèèjì ò bá jókòó pọ̀, agogo lè máa ké pé kí èèyàn sá jáde níbi tí kò sí nǹkan kan níwájú bí kò ṣe ògiri. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn onílé pé kí pláànù dé ọ̀dọ̀ panápaná kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Láti sún ilẹ̀kùn lórí ìwé, ìlà méjì péré ni. Láti fọ́ ògiri tó ti dúró, owó ńlá ni, ọ̀pọ̀ kì í sì í fọ́ ọ mọ́.

Kí ló yẹ kó wà lórí pláànù àláàmù? Ẹ̀rọ tó ń fura sí èéfín, èyí tó ń fura sí ooru, bọ́tìnnì pupa tí èèyàn lè tẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àbájáde, agogo tàbí sípíkà, àti páńẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wọn ń ròyìn fún. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà ni iṣẹ́ ti pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì, torí Agége kò ṣàjèjì sí i. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ èéfín sókè ààrò, yóò máa ké ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dáná, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi fi ọ̀rá wé e lójú tàbí kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀. Ẹ̀rọ ooru ló yẹ ìdí ààrò. Ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun náà kò gba ẹ̀rọ èéfín, torí eruku ìyẹ̀fun kò yàtọ̀ sí èéfín lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ eruku yẹn gan-an lè gbiná bó bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọ́fíìsì àti yàrá tí wọ́n ń kó ọ̀rá àti páálí sí ni ẹ̀rọ èéfín ti wúlò jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo. Àwọn injiníà wa sábà máa ń tẹ̀lé ìwé ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, BS 5839, tàbí ti Amẹ́ríkà, NFPA 72. Ti Gẹ̀ẹ́sì ní kí agogo dún tó 65 dẹ́síbẹ̀lì, tàbí kó fi 5 ju ariwo tó ti wà níbẹ̀ lọ, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ti Amẹ́ríkà ní kó fi 15 ju ariwo tó sábà máa ń wà níbẹ̀ lọ, bí ariwo náà bá sì ti kọjá 105, kí iná tó ń ṣẹ́jú wà pẹ̀lú agogo. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ike tàbí tí wọ́n ti ń gé irin kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ ẹnìkejì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ náà sì wà níta. Ẹni tó bá dán agogo wò lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo ẹ̀rọ sùn kò tíì dán nǹkan kan wò.

Iná NẸ́PÀ náà ńkọ́? NFPA 72 ní kí bátìrì lè gbé àláàmù fún wákàtí 24, kó sì tún lè fi agogo ké fún ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 15. Wákàtí 24 yẹn kò tó fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n sì padà wọlé ní agogo méje àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí 37 ni. Ẹ ní kí injiníà ṣírò bátìrì yín dé àárọ̀ Mọ́ńdè, kó sì kọ ìṣirò náà sínú pláànù.

Ní ilé alájà púpọ̀, agogo nìkan kò tó, nítorí kò lè sọ àtẹ̀gùn tí èéfín ti gbà. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, èéfín ti yàrá ínfátà nísàlẹ̀ ilé Afriland Towers ní Broad Street, Erékùṣù Èkó, gun òkè ilé náà. Èèyàn 10 ló bá a lọ. Sípíkà tó ń fi ohùn darí èèyàn ló yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wáyà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó lè fara da iná títí àwọn èèyàn yóò fi jáde. Mo tún fẹ́ kí wọ́n béèrè èdè tí sípíkà náà yóò sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wọ̀lú máa ń bá wá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé àpò ní Agége lè jẹ́ Yorùbá, Haúsá tàbí Ẹ̀gùn. Láti gba ohùn Yorùbá, Haúsá àti Píjìn sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà kò gba ju ọ̀sán ọjọ́ kan.

Lórí àláàmù àti ilẹ̀kùn, Factories Act kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí òṣìṣẹ́ bá ju 20 lọ nínú ilé kan, tàbí tí ohun tó tètè ń gbiná bá wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ iná tí gbogbo ilé yóò gbọ́ ketekete gbọ́dọ̀ wà. Níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá sì wà nínú ilé, wọn ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ lóru ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Ìkòròdú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jóná mọ́lé. Títì ni ilẹ̀kùn wà ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York ní 1911 tí èèyàn 146 kú. Títì náà ni ní ilé iṣẹ́ kan ní Karachi, ní Pakistan, ní 2012, níbi tí àwọn tó kú lé ní 250. Olè ni àwọn ọ̀gá sábà máa ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n pláànù lè yanjú rẹ̀: ẹ lo ilẹ̀kùn tí èèyàn lè fi àyà tì láti inú, tí kò ṣeé ṣí láti ìta, tí agogo kékeré yóò sì dún ní géètì bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn oníná mànàmáná ni, kó tú fúnra rẹ̀ nígbà tí àláàmù bá ké, àti nígbà tí iná bá lọ.

Nígbà tí ilé bá parí, LASBCA ló ń fúnni níwèé ẹ̀rí pé ó yẹ láti gbé inú rẹ̀. Ẹ má gba ìwé yẹn bí ohun tí a kàn fẹ́ fi kọ́ ògiri. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ pa iná NẸ́PÀ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, kí ẹnì kan sì dúró ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù.

Ilé àtijọ́ ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni fáktírì ti wà lójú ọ̀nà Ọba Akran àti Ògbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kógbá wọlé. Dunlop, ọ̀kan nínú wọn, dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Àwọn ọgbà tí fáktírì bá fi sílẹ̀ máa ń di ilé ìkẹ́rùsí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ẹni tó bá yí iṣẹ́ ilé padà gbọ́dọ̀ padà lọ gba ìwé àṣẹ tuntun ní LASPPPA, nítorí agogo àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó mọ ilé náà kò lè gba èrò tó ń wọ ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àláàmù yìí kì í pe panápaná fúnra wọn. Èèyàn ló máa pe 767 tàbí 112. Nítorí náà, kí páńẹ́ẹ̀lì wà ní géètì níbi tí ẹnì kan ti ń ṣọ́ tọ̀sán tòru, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì máníjà tí wọ́n máa ń tì ní ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, ìkóríta tó sún mọ́ ọn jù àti géètì tí ọkọ̀ panápaná lè gbà wọlé, kí kọ́kọ́rọ́ géètì náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.