Windows 10 kógbá wọlé: Kí ni kí ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ṣe?

Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lásán, ṣùgbọ́n kò yọ ará Jóga-Orílé àti gbogbo agbègbè Yewa sílẹ̀.

Ìdí ni pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí òbí ń rà fún ọmọ nílẹ̀ yìí. Òkè-òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wọ ọjà Computer Village n'Ìkẹjà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tàn kálẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì tàbí Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà n'Ìláròó gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà í lò, nítorí láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò bébà pátápátá nínú ìdánwò UTME. Bàbá tó ta ẹ̀gẹ́, tàbí ìyá tó ta gààrí kó tó ra ẹ̀rọ náà, kò ní fẹ́ kí owó rẹ̀ wọgbó.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà kò kú. Yóò máa tàn, ọmọ yóò sì máa fi ṣiṣẹ́. Ààbò ló dópin. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í yé wá ihò tí wọ́n lè gbà wọlé, Microsoft ló sì máa ń dí àwọn ihò náà lóṣooṣù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè, títí kan àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba nílùú ọba. Ó ti iṣẹ́ oníṣẹ́ pa, ó ní kí wọ́n wá san owó ìtúsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù kẹta ọdún náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kàgbákò ni kò tíì gbà á sórí ẹ̀rọ wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni Windows 11, tó jáde lọ́dún 2021. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ní Windows 10, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ Intel, ìran kẹjọ sókè ló sábà máa ń gbà, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò sì dé ibẹ̀.

Èkejì ni àfikún àtúnṣe ààbò tí Microsoft ṣètò fún Windows 10 títí di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026. Owó rẹ̀ jẹ́ 30 dọ́là, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tó sì jẹ́ kí Windows tọ́jú ẹ̀dà ètò ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Linux, tí kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ lọ́dún 2004. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́, àmọ́ àwọn ètò kan tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan lè má ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, kó ní kí ọlọ́jà ṣí orúkọ Intel inú ẹ̀rọ náà hàn òun. Bó bá jẹ́ i5-6300U, ìran kẹfà nìyẹn. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Kó má sọ pé òun ti rí Windows 11 lójú rẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń fi tipátipá gbé e sórí ẹ̀rọ tí kò tó o gbé, Microsoft kò sì ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó sàn kéèyàn bèèrè kó tó sanwó ju kó máa ráhùn lẹ́yìn tó ti san án.