MRI Alágbára Gíga: Iṣẹ́ Rẹ̀ Nínú Ìwádìí Ìṣègùn

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

MRI jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara. Kò lo ìtànṣán X-ray, kò sì la ara. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, háídírójìn sì wà nínú gbogbo omi. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sínú òòfà náà, díẹ̀ nínú háídírójìn ara rẹ̀ á kọjú sí ọ̀nà kan. Ìgbì rédíò á wá tì wọ́n kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Bí wọ́n ti ń padà, àwọn náà á máa rán ìgbì jáde. Kọ̀ǹpútà á kó ìgbì wọ̀nyí jọ, á sì sọ wọ́n di àwòrán. Ọ̀rá, iṣan àti ọpọlọ kì í dáhùn bákan náà, ìyàtọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí a dá wọn mọ̀.

Ìwọ̀n agbára òòfà

Tesla ni a fi ń wọn agbára òòfà. Ti ilẹ̀ ayé kò tó 0.0001 Tesla. MRI tó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn jẹ́ 1.5 tàbí 3. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ 7 Tesla àkọ́kọ́ fún àyẹ̀wò aláìsàn, ṣùgbọ́n orí, apá àti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà láyè. Èyí tó ju 7 lọ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí.

Èrè agbára tó pọ̀ sí i

Bí òòfà bá ṣe lágbára tó ni ìdáhùn háídírójìn ṣe ń hàn ketekete tó. Ohun tín-ín-tìn-ìn tó fara sin á wá hàn síta. Nínú ọpọlọ àwọn alárùn wárápá kan, 7 Tesla ti fi àpá kékeré tí 3 Tesla kò rí hàn, irú àpá tí oníṣẹ́ abẹ ń wá.

Ẹ̀rọ Iseult ní Saclay

Ní Saclay, lẹ́bàá Paris, ni ẹ̀rọ 11.7 Tesla tó ń jẹ́ Iseult wà. Òòfà rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 132, wáyà inú rẹ̀ sì gùn tó kìlómítà 182. Lítà 7,500 hílíọ́mù olómi ló ń mú un tutù dé nǹkan bí -271°C, kí iná mànàmáná lè máa lọ nínú wáyà náà láìsí ìdènà. Òòfà náà dé agbára rẹ̀ ní 2019. Elégédé ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ní 2021. Lẹ́yìn ìyọ̀ǹda àwọn aláṣẹ, wọ́n ya ọpọlọ àwọn ènìyàn 20 tí ara wọn le, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2024. Ní ìṣẹ́jú 4 péré, ẹ̀rọ náà ń fi ohun tó fẹ̀ ní mílímítà 0.2 hàn. Òòfà ilé ìwòsàn yóò lo ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó ya irú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dùbúlẹ̀ láìmira tó bẹ́ẹ̀.

Ewu àti ìṣọ́ra

Òòfà MRI kì í sùn: àní nígbà tí wọn kò ya àwòrán, agbára rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó lè fa irin mọ́ra pẹ̀lú ipá. Òòyì lè máa kọ́ ẹni tó wọ inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì lè máa ṣe é bí ẹni tó lá irin. Ìwọ̀nyí máa ń lọ bó bá jáde. Ìgbì rédíò lè mú ara gbóná, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, a sì máa ń dí etí. Irin tí dókítà fi sínú ara, tí kò léwu nínú 1.5 Tesla, lè léwu nínú 7.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí ó sọ fún òṣìṣẹ́ bí irin bá wà lára rẹ̀, bí ẹ̀rọ kan bá ń darí ọkàn rẹ̀, tàbí bí ó bá lóyún. Kí ó má fi ohunkóhun pamọ́.