Ṣé o mọ̀? Ilẹ̀ Jàpáánì ti kọ́kọ́ mì kí àjálù 2011 tó dé

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ tó ju ìwọ̀n 7 lọ wáyé lábẹ́ òkun ní ìlà-oòrùn Jàpáánì. Ó lágbára gan-an, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé aṣíwájú lásán ni. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 9 dé, tí òkun sì ya wọ ìlú.

Irú aṣíwájú bẹ́ẹ̀ máa ń gba ẹ̀mí là nígbà mìíràn. Ní Haicheng, ní Ṣáínà, ìmìtìtì kéékèèké wà lára ohun tó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nílé kí ìmìtìtì ńlá tó dé ní oṣù Kejì ọdún 1975. Tangshan, ní Ṣáínà bákan náà, kò rí irú ìkìlọ̀ yẹn kí ìmìtìtì ńlá tó dé ní 1976. Ó lé ní 240,000 ènìyàn tó kú.

Lẹ́yìn ìmìtìtì ńlá ńkọ́?

Fusakichi Omori, onímọ̀ ará Jàpáánì, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1894: iye ìmìtìtì tó ń tẹ̀ lé èyí tó tóbi máa ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n lè ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n iye ló ń dín kù. Èyí tó lágbára ṣì lè yọjú. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òmíràn tó ju ìwọ̀n 7 lọ mi Fukushima, àjọ ojú ọjọ́ Jàpáánì sì kà á mọ́ àwọn tó tẹ̀ lé ti 2011.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá mì níbi tí o wà, má ṣe tètè padà sínú ilé tó ti sán.